Bí a ṣe ń mọ ọ̀bẹ aṣeéká tó lágbára, àti bí a ṣe ń mú kó pẹ́ lọ́wọ́ ẹni

Ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ ń ká wọnú èèkù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí a ń tì bọ àpò, tí à ń fà yọ nígbà tí a bá fẹ́ gé okùn, bó ọsàn tàbí ya páálí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà á, bó ṣe mú tó nìkan ni wọ́n ń wò. Bó bá ń dán, tó sì gé bébà, wọ́n á sanwó. Àmọ́ oríkèé ni ọ̀bẹ yìí ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ibi tí irin àti èèkù ti pàdé. Ọ̀bẹ ilé ìdáná jẹ́ irin kan gbọọrọ tó wọnú èèkù lọ. Aṣeéká ní ìṣó kan ṣoṣo tó ń gbé gbogbo agbára tí ọwọ́ yín bá fi sí i. Bí oríkèé yẹn bá yẹ̀ lójijì, orí ìka yín ni irin máa pa dé sí. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á títí dé ọjọ́ tí ẹ máa fi í sílẹ̀, oríkèé ni kí ẹ máa fi sọ́kàn ṣáájú.

1. Ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe

Bó bá jẹ́ èso, páálí, okùn àti ẹran sísè ni, ọ̀bẹ fẹ́lẹ́ tí irin rẹ̀ nípọn tó mílímítà 2 tàbí 2 àbọ̀ ti tó. Òun gan-an ló máa gé nǹkan dáadáa jù. Bó bá jẹ́ igi gbígbẹ́ tàbí bíbó awọ ẹran ìgbẹ́, ẹ wá èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tó sì ní lọ́ọ̀kì gidi, ìyẹn ohun tó ń di irin mú kó má baà ká nígbà tó bá wà ní ṣíṣí.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi la igi, fi ṣí ìdérí agolo, tàbí fi yọ ìṣó lára pákó, ẹ má ra aṣeéká rárá. Àdá wà, ọ̀bẹ alákọ̀ wà. Kò sí aṣeéká kankan, bó ti wù kó wọ́n tó, tó lè fara da ohun tí irin tí kò ní oríkèé máa fara dà.

2. Ẹ dá irú oríkèé tó ní mọ̀

Oríṣi mẹ́rin ni ẹ máa bá pàdé jù lọ́jà.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò ní lọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì kan wà lẹ́yìn èèkù tó ń tẹ ìdí irin mọ́lẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó dúró bí ẹ bá ṣí i. Ọ̀bẹ pupa kéékèèké tí àwọn ará Switzerland ń ṣe, tí gbogbo ayé mọ̀, wà nínú èyí. Karl Elsener ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà ní 1891. Ní 1897 ló fi orúkọ èyí tó fúyẹ́, tó ṣe fún àwọn ọ̀gá ológun, sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni Victorinox òde òní. Bí ẹ bá ń fi irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ gé nǹkan sísàlẹ̀, agbára tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ ń jẹ́ kó túbọ̀ ṣí ni, ewu ò sí. Àmọ́ bí ẹ bá fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ohun tó le, tàbí tí nǹkan kan bá ti ẹ̀yìn irin, ó máa ká. Ẹ má fi gún nǹkan.

Èkejì ni olórùka. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ onígi rẹ̀ ní Savoie, lórí àwọn òkè ilẹ̀ Faransé, ní 1890. Títí di 1955 kò ní lọ́ọ̀kì kankan. Ọdún náà ni Marcel Opinel fi òrùka irin kan tó ní àlàfo sí ọrùn rẹ̀: ẹ ṣí ọ̀bẹ, ẹ yí òrùka, àlàfo náà á kúrò lójú ọ̀nà, irin ò sì ní lè ká mọ́. Láti ọdún 2000, òrùka yìí tún lè ti ọ̀bẹ pa nígbà tó bá wà ní kíká, kó má baà ṣí nínú àpò. Gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀bẹ yìí ò ju irin, igi, ìṣó àti òrùka, kò sí ohun tó fara sin tó lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹ rí i. Àléébù rẹ̀ ni pé igi máa ń mu omi, á wú, á sì há irin mọ́ inú. Màá sọ bí ẹ ṣe máa bọ́ nínú ìyẹn níwájú.

Òrùka wà lára ọ̀bẹ Okapi náà. Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1902, láti kó o wá tà ní àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso ní Áfíríkà. South Africa ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Òrùka tirẹ̀ kì í yí, fífà ni ẹ máa fà á sókè kí irin tó lè ká. Bí ẹ bá ń ṣí i, á máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí eyín rẹ̀ ṣe ń kọ́ra.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí lọ́ọ̀kì rẹ̀ wà lẹ́yìn èèkù. Ọ̀pá irin kan gùn lọ lẹ́yìn èèkù, orí rẹ̀ á sì já sínú kòtò kékeré kan ní ìdí irin ọ̀bẹ. Ẹ máa tẹ ẹ̀yìn èèkù kí ó tó tú. Ọ̀bẹ Buck 110 tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1964 ló jẹ́ kí gbogbo àgbáyé mọ irú rẹ̀. Ó lágbára gan-an, ó sì máa ń pẹ́, àmọ́ ọ̀tá rẹ̀ ni èérún aṣọ àti iyanrìn inú àpò. Bí ìdọ̀tí bá kún kòtò yẹn, orí ọ̀pá ò ní wọlé tán. Ẹ máa rò pé ó ti kọ́, kò sì tíì kọ́.

Ẹ̀kẹrin ni pẹlẹbẹ inú èèkù. Bí ẹ bá ṣí ọ̀bẹ, irin pẹlẹbẹ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú èèkù á ta sí ẹ̀gbẹ́ kan, á dúró sẹ́yìn ìdí irin ọ̀bẹ, kò ní jẹ́ kó padà. Michael Walker, ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di bó ṣe rí lónìí ní àwọn ọdún 1980. Èyí ló pọ̀ jù lára àwọn ọ̀bẹ pọ́ọ́kú tó wà lórí àtẹ báyìí, inú rẹ̀ náà sì ni jìbìtì pọ̀ sí jù. Ẹ ṣí i, kí ẹ wo inú èèkù. Ó yẹ kí pẹlẹbẹ náà jókòó dáadáa sẹ́yìn ìdí irin, kó bò ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin, kó má sì kọjá ìdajì nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Bó bá kan etí lásán, ó lè yọ̀. Bó bá ti lọ dé odi kejì látọjọ́ tí ẹ ti rà á, kò sí ibi tó tún máa lọ mọ́ bí irin bá ń jẹ lójoojúmọ́.

3. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ má jẹ́ kí òǹtajà kánjú yín. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ wò ó dáadáa. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára ò ní bínú.

Ẹ ṣí i, kí ẹ ká a, léraléra. Kó má há, kó má sì máa jábọ́ fúnra rẹ̀. Bó bá ṣí tán, ó yẹ kó dún “kà!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì dákẹ́. Bí irin bá ń ha irin nínú oríkèé, ẹ máa gbọ́ ọ, ẹ sì máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Ẹ wá ṣí i sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di èèkù mú, ẹ fi ìka méjì ọwọ́ kejì di ẹ̀yìn irin mú nítòsí ṣóńṣó, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá mì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì jẹ́ pé súkúrúù ló wà ní oríkèé, ẹ lè fún un. Lẹ́yìn náà, bó bá jẹ́ èyí tó ní lọ́ọ̀kì, ẹ mì í sókè sódò bí ẹni fẹ́ ká a. Bó bá mì níhìn-ín, ẹ dá a padà fún òǹtajà. Lọ́ọ̀kì àti ìdí irin ò bára mu ni, kò sì sí súkúrúù tí ẹ lè fún tó máa tún ìyẹn ṣe.

Ìdánwò tó kù fún lọ́ọ̀kì ń fẹ́ sùúrù. Ẹ ká aṣọ tó nípọn lé orí tábìlì. Ẹ di èèkù mú láti ẹ̀gbẹ́, kí ìka kankan má wà lójú ọ̀nà tí irin máa gbà ká. Ẹ gbé ẹ̀yìn irin lé aṣọ náà, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí agbára máa pọ̀ sí i. Lọ́ọ̀kì gidi ò ní mira. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ na pákó gbà, gbà, gbà, láti fi hàn pé lọ́ọ̀kì lágbára. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, kódà bí òǹtajà bá ní kí ẹ ṣe é: lílù bẹ́ẹ̀ ń jẹ etí lọ́ọ̀kì tó dára.

Lákòótán ìdánwò, ẹ ká a, kí ẹ wò ó látòkè: àárín gbùngbùn ni irin gbọ́dọ̀ wà, kó má fara ti ògiri kankan. Ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín sípíríǹgì àti ẹ̀gbẹ́ èèkù, ẹni tó tò ó ò fara balẹ̀.

4. Ẹ béèrè irú irin tó jẹ́

“Stainless”, ìyẹn irin tí kì í tètè dógùn-ún, tí wọ́n tẹ̀ sí ara irin ò sọ nǹkan púpọ̀ fún yín. Orúkọ tàbí nọ́ńbà irin ni kí ẹ wá: 420HC, 440C, 12C27, 14C28N, 8Cr13MoV, D2. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ irú èyí sára ọ̀bẹ tàbí páálí rẹ̀ ń sọ ohun tí wọ́n lè bi í lẹ́yìn ọ̀la. Àmọ́ àwọn ayédèrú náà máa ń tẹ nọ́ńbà, torí náà ẹ má fi nọ́ńbà rọ́pò ìdánwò ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì ṣì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n ní bí mágínẹ́ẹ̀tì bá fa irin, kì í ṣe stainless gidi. Lóòótọ́, ìkòkò àti ṣíbí stainless púpọ̀ ni mágínẹ́ẹ̀tì kì í fà, ṣùgbọ́n irin yẹn ò ṣeé mú le nínú iná bó ṣe yẹ kí irin ọ̀bẹ le. Stainless tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ tó dára, mágínẹ́ẹ̀tì ń fà á. Èyí tí kò bá fà rárá ni kí ẹ fura sí, torí ojú rẹ̀ máa tètè kú.

Rockwell ni wọ́n fi ń wọn líle irin ọ̀bẹ, HRC ni wọ́n ń kọ. Irin Victorinox wà ní nǹkan bíi 56. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ àpò tó dáa wà láàárín 56 sí 60. Bí nọ́ńbà bá ga, ojú ọ̀bẹ á pẹ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n á tètè fọ́ bí ẹ bá fi lu eegun, á sì ṣòro láti pọ́n. Bó bá wálẹ̀, ojú á tètè tẹ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí òkúta ti tó láti dá a padà. Fún ẹni tí kò ní òkúta ìpọ́nbẹ olówó ńlá nílé, mo dúró ti 56 sí 58.

Ẹ tún ro ibi tí ẹ ń gbé. Irin lásán tí kò ní kírómíọ̀mù (èròjà tí kì í jẹ́ kí irin tètè dógùn-ún) tó, bí irin Okapi àti ọ̀kan lára oríṣi Opinel méjèèjì, máa ń mú gan-an, ó sì rọrùn láti pọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré nínú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ Badagry tàbí Lẹ́kkì ti tó kó bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ẹni tó ń gbé nítòsí òkun, tàbí tó ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ ẹja, kó wá stainless bíi 12C27 tí Opinel kejì ní. Kírómíọ̀mù inú rẹ̀ lé ní ìdá 13 nínú 100.

5. Bí ẹ ṣe máa lò ó

Ẹ má fi ọ̀bẹ yọ nǹkan, ẹ má fi yí súkúrúù, ẹ má fi òòlù lu ẹ̀yìn rẹ̀. Bí irin bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8, tí ẹ wá fi ṣóńṣó rẹ̀ ṣí nǹkan kan, agbára ọwọ́ yín á pọ̀ ní ìlọ́po lórí ìṣó oríkèé tí kò nípọn ju mílímítà díẹ̀. Bí ṣóńṣó ò bá dá, ìṣó á gbòòrò sí ihò rẹ̀. Látọjọ́ náà ni mímì á ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má máa jù ú ṣí pẹ̀lú ọwọ́ líle kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lè rí i. Ibi tí irin ti ń dúró ni ó ń jẹ.

Ẹ má gé nǹkan lórí àwo tánńganran, gíláàsì tàbí sìmẹ́ǹtì. Pákó ni kí ẹ lò.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí: ẹ má gbé irin ọ̀bẹ sórí iná gáàsì láti fi gé rọ́bà tàbí láti fi dí ẹnu okùn náílọ́ọ̀nù. Iná ni wọ́n fi fún irin yẹn ní líle rẹ̀, iná náà ló sì lè gbà á padà. Tí irin bá ti yí padà di aláwọ̀ búlúù, ó ti gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ibẹ̀ ti rọ̀ nìyẹn. Pípọ́n ò lè dá líle rẹ̀ padà.

6. Fífọ̀ àti òróró

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Èèkù aṣeéká náà ni àkọ̀ rẹ̀. Ohun gbogbo tí irin bá gé ló ń gbé wọlé. Omi ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àlùbọ́sà, iyọ̀, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, gbogbo wọn ló ń jẹ irin, òkùnkùn inú èèkù ni wọ́n sì ń sá sí.

Lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí ọ̀bẹ sílẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ inú èèkù àti ẹ̀yìn oríkèé. Ẹ nù ún, kí ẹ fi sílẹ̀ ní ṣíṣí níbi afẹ́fẹ́ títí á fi gbẹ dénú. Má-ká-a-tutù ni òfin tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, ẹ kán òróró máṣíìnì ìránṣọ ẹ̀kán kan sí oríkèé, ẹ ṣí i, ẹ ká a bí ìgbà mélòó kan, kí ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ má lo epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà fún oríkèé: wọ́n máa ń dì, wọ́n á lẹ̀, wọ́n á sì mú iyanrìn dání. Fún irin tó ń dógùn-ún, ẹ fi fasilíìnì pa á fẹ́lẹ́ bí ẹ ò bá ní lò ó fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀bẹ onígi, ẹ má rì í sómi. Bí igi Opinel bá wú tí irin sì há sínú, ẹ má fi eyín tàbí píńṣì fà á. Ẹ yí òrùka sí ibi tó ti ṣí, ẹ di èèkù mú, kí ẹ fi ìdí èèkù kan tábìlì kọ́kọ́kọ́. Irin á yọrí díẹ̀, ẹ ó sì lè fi èékánná fà á jáde. Àwọn ará Savoie ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ẹ wá gbé e síbi afẹ́fẹ́ kó gbẹ. Ẹ má gbé e sítòsí iná, kí igi má baà là.

7. Bí oríkèé bá ń mì

Bó bá jẹ́ súkúrúù, ẹ wo ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń ní ojú bí ìràwọ̀. Ẹ wá irin ìtúsúkúrúù tó bá a mu gẹ́lẹ́, T6 tàbí T8 ló wọ́pọ̀. Ẹ fún un díẹ̀ bíńtín, ẹ ṣí ọ̀bẹ wò, ẹ tún fún un. Ẹ dúró níbi tí mímì ti tán, tí irin sì ń lọ geere. Bó bá ń tú léraléra, ẹ tú u, ẹ nu òróró kúrò lára rẹ̀, kí ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì díẹ̀ pa okùn súkúrúù náà kí ẹ tó dá a padà.

Bó bá jẹ́ ìṣó tí wọ́n lù pa, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ wẹ́wẹ́, kó fi òòlù kékeré lù ú lórí irin láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lílù díẹ̀ ni. Bó bá pọ̀ jù, ọ̀bẹ ò ní ṣí mọ́.

8. Pípọ́n

Ẹ gbé irin dùbúlẹ̀ lórí òkúta ìpọ́nbẹ, kí ẹ wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, bí igun ìwọ̀n 15 sí 20. Ẹ fi ojú òkúta tó le bẹ̀rẹ̀ bó bá kú gan-an, kí ẹ wá fi ojú tó jọ̀lọ̀ parí. Ẹ máa pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan títí ìka yín á fi mọ etí kékeré kan tó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, látìdí dé ṣóńṣó. Ẹ yí i, ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Ẹ wá dín agbára ọwọ́ kù, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan, títí etí náà á fi lọ. Ẹ fi awọ bẹ́líìtì tó ti gbó nù ún parí. Bó bá ní lọ́ọ̀kì, ẹ rí i pé ó kọ́ dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má gbé ọ̀bẹ yìí fún àwọn tó ń fi táyà ìlọrin gbígbẹ pọ́n ọ̀bẹ kiri àdúgbò. Iná tí ẹ ń rí tó ń ta pàrà yẹn, ojú ọ̀bẹ yín ló ń jó, ó sì ń jẹ irin púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Irin aṣeéká tí wọ́n ti lọ̀ jù tún máa ń yí bó ṣe jókòó sínú èèkù padà: ṣóńṣó rẹ̀ á yọ síta nígbà tó bá wà ní kíká, á sì gún yín nínú àpò.

9. Fún ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba, àti ẹ̀yin arìnrìn-àjò

Ní England, ọ̀bẹ aṣeéká tí kò ní lọ́ọ̀kì, tí ojú rẹ̀ ò gùn ju ínṣì 3 lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 7.62, ni ẹ lè mú dání níta láìjẹ́ pé ẹ ní ìdí pàtàkì. Èyí tó bá ní lọ́ọ̀kì, bó ti wù kó kéré tó, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó ṣeé gbà lójú òfin kí ẹ tó mú un jáde. Olórùka ń bẹ nínú ìyẹn. Níbẹ̀, aláìnílọ́ọ̀kì ló yẹ àpò yín, kí alálọ́ọ̀kì dúró nílé. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú láti ibikíbi, inú ẹrù tí ẹ máa fi lé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ni kí ọ̀bẹ wà, ẹ má fi sínú báàgì ọwọ́.

10. Ìgbà tó yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀

Bí lọ́ọ̀kì bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn tí ẹ ti fọ inú rẹ̀ mọ́, tí ẹ sì ti fún súkúrúù rẹ̀, ẹ má tún fi gé nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá rí ìlà tó là lẹ́bàá ihò oríkèé, tàbí tí sípíríǹgì ò bá lè di irin mú dúró mọ́. Ẹ má fún ọmọdé kó máa fi ṣeré, ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n bí irin rẹ̀ bá ṣì nípọn tó sì ṣì mú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Yóò yọ ìṣó oríkèé, yóò kan irin náà mọ́ èèkù igi tuntun tí kò ní ká mọ́, ẹ ó sì ní ọ̀bẹ ilé ìdáná kékeré kan tí ẹ lè fi máa bó iṣu àti ọsàn.